Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Àga Bàbá Àgbà Ṣe Láì Sọ Ọ́ Di Àga Tuntun

Àga bàbá bàbá mi wà nínú yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Ìbàdàn fún ọdún 11 lẹ́yìn tí wọ́n papò dà. Wọ́n to àpò sìmẹ́ńtì lé e lórí, wọ́n da aṣọ àlòkù lé e, eku sì jẹ ìjókòó rẹ̀ tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun títí ó fi lu jára. Nígbà tí a fẹ́ tún ilé náà kùn, ẹnìkan ní kí a kó o mọ́ igi ìdáná. Mo gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́rin gbáko ló gbà mí kí ó tó ṣe é jókòó lé. Ohun tí ọwọ́ mi ti rí nínú iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí irú àga bẹ́ẹ̀ wà nílé yín, kí ó má baà di pé ìfẹ́ tí ẹ ní sí i ni yóò bà á jẹ́.

Àga ìrókò ni, apá rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀. Ó jọ àwọn àga tí PWD, ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba amúnisìn, ń kó sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láyé ìgbà náà. (Orúkọ PWD yìí ṣì wà lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ èrò lójú ọ̀nà Agége ní Èkó títí dòní.) Káfíńtà ìlú wa kan ló wo irú àga bẹ́ẹ̀, tó sì kan ti bàbá wa. Bí tiyín bá jẹ́ àpótí ìjókòó lásán, tàbí àga ilé ìjẹun, ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bá a mu.

Ẹ bi ẹbí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Àga ìdílé kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹ sọ fún dáwódù, ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín. Kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ogún nìkan. Àwọn ni wọ́n mọ ìtàn tó wà lára àga náà. Àmì róbótó funfun kan wà lójú apá ọ̀tún àga wa. Mo ti mú sáńpépà lọ́wọ́ láti ha á kúrò kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó wọlé. Wọ́n ní, “Ibi tí Bàbá máa ń gbé kọ́ọ̀bù tíì wọn kà láràárọ̀ nìyẹn. Bí o bá ha á, kí lo wá ń tún ṣe?” Mo ní, “Ẹ má bínú, mà.” Àmì náà ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹni tó bá lówó lè ra àga tuntun lọ́la. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta apá àga tí àtẹ́lẹwọ́ bàbá ẹni ti nù dán. Nítorí náà, ìlànà kan ni mo fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí: ohun tó bá ń ba àga náà jẹ́ síwájú ni kí ẹ tún ṣe. Ohun tí ìgbà fi sí i lára tí kò pa á lára, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá fọ́tò àtijọ́ jáde. Fọ́tò ọjọ́ ọdún, ti ìkómọjáde, ti ọjọ́ ìwúyè: ẹ lè bá àga náà lẹ́yìn àwọn èèyàn, kí ẹ sì mọ̀ bóyá tìmùtìmù wà lórí rẹ̀ nígbà náà, bóyá igi ìdábùú kan ti já kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ wá fi fóònù ya àga náà bó ṣe wà báyìí, láti gbogbo ìhà, títí kan abẹ́. Ẹ fara balẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó. Àwọn káfíńtà máa ń fi pẹ́ńsù tàbí ayùn fàmì síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ igi tó bá ihò kan mu. Lára tiwa, ìlà mẹ́ta wà lórí ẹsẹ̀ iwájú òsì, ìlà mẹ́ta sì wà lórí igi tó wọ inú rẹ̀. Ẹ má ha irú àmì bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ igi, ẹ mọ ohun tí wọ́n fi kùn ún

Ìrókò, ọ̀gànwó, apá àti ọmọ̀ wà lára igi tí ẹ óò máa bá pàdé lára àga ilẹ̀ wa. Ọmọ̀ ni igi tí àwọn onílù fi ń gbẹ́ ìlù, ó fúyẹ́. Bí ẹ bá gbé àga ńlá tó sì fúyẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ fura sí ọmọ̀. Ọ̀gànwó máa ń pọ́n. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń rí rúsúrúsú, ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ yóò dúdú bí kọfí. Àwọ̀ dúdú yẹn kò jìn nínú igi rárá. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ha gbogbo ojú ìrókò àtijọ́ yóò bá igi rúsúrúsú nísàlẹ̀, yóò sì máa wá àga bàbá rẹ̀ tì.

Ẹ fi ìbòmú bomú nígbàkígbà tí ẹ bá ń ha igi. Eruku ìrókò máa ń mú kí ara yún, ó sì máa ń há èémí mọ́ èèyàn láyà. Ti igi mansonia tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti mọ ohun tí wọ́n fi kùn ún, ẹ wá ibi tó fara sin, bí abẹ́ apá. Ẹ ki òwú sínú sípíríìtì, irú èyí tí àwọn oníkẹ́míìsì ń tà, kí ẹ sì fi pa ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ojú rẹ̀ bá rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, ṣẹ́láàkì ni, iyẹn pólíìṣì àtijọ́ tí wọ́n ń rí lára kòkòrò kan ní Íńdíà. Bí sípíríìtì kò bá ràn án, ẹ fi tínà dán an wò. Bí tínà bá tú u, láákà ni. Bí méjèèjì kò bá ràn án, fáníìṣì tàbí ọ̀dà ló wà lójú rẹ̀. Ìdánwò kékeré yìí ni yóò sọ ohun tí ẹ lè fi tún un ṣe fún yín: ṣẹ́láàkì tuntun máa ń yọ́ pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n fáníìṣì lé ara rẹ̀ lórí ni.

Bó bá jẹ́ ọ̀dà ni wọ́n fi kun àga náà, tí ọ̀dà ọ̀hún sì ti pẹ́, ẹ má ha á ní gbígbẹ. Wọ́n máa ń po òjé mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé gbígbé. Ẹ lo oògùn tó ń bó ọ̀dà, ẹ ṣe é níta gbangba, ẹ lé ọmọdé àti aláboyún jìnnà, kí ẹ sì kó ohun tó bó sínú ọ̀rá kí ó má ṣubú sílẹ̀ níbi tí adìyẹ ń jẹ̀.

Kòkòrò kọ́kọ́

Má gbé àga tó ní kòkòrò wọ iyàrá tí àga mìíràn wà. Ẹ gbé e síta, ẹ fi ìka kan igi rẹ̀ káàkiri. Ibi tí ikán bá ti jẹ yóò dún bí ohun tó ṣófo, ọ̀bẹ kékeré yóò sì wọlé bí ẹni gún iṣu sísè. Kòkòrò tó ń lu ihò wẹ́wẹ́ yàtọ̀: ìyẹ̀ kúnnákúnná ló máa ń dà sílẹ̀, bí ìyẹ̀ ìrosùn tí babaláwo ń yẹ̀ sójú ọpọ́n. Ìtì igi ìrókò fúnra rẹ̀ le fún wọn láti jẹ, ṣùgbọ́n apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo igi kò le tó bẹ́ẹ̀, àwọn káfíńtà kan sì máa ń fi í sí ẹ̀yìn tàbí abẹ́ níbi tí ojú kò ní í rí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá wọn.

Ihò nìkan kò fi hàn pé kòkòrò ṣì wà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo ìyẹ̀ kúrò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí àwọn ihò ká, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ àga, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìyẹ̀ tuntun bá já bọ́ sórí aṣọ, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá ra oògùn igi tí àwọn onípákó ń tà, ẹ fi síríǹjì fún un sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí abẹ́ àti ibi tí igi kò ti ní pólíìṣì, kí ẹ sì fi ọ̀rá ńlá wé gbogbo àga náà fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Ẹ tún ìdánwò aṣọ dúdú ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ẹ̀fọn olóró inú ìgò kékeré tí àwọn kan máa ń dà sí igi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò ó. Ara èèyàn ni yóò máa kan àga yìí lójoojúmọ́.

Fífọ̀

Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni ẹ ó kọ́kọ́ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ ki aṣọ sí i, ẹ fún un títí omi ò fi ní kán mọ́, kí ẹ sì máa nu ibi kékeré lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e kíá. Ẹ má da omi sí i lórí, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn kí ó lè tètè gbẹ: oòrùn ọ̀sán kan ṣoṣo lè la apá àga sí méjì.

Ọṣẹ dúdú tí a fẹ́ràn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ara yín. Eérú ló wà nínú rẹ̀, omi eérú sì máa ń jẹ ṣẹ́láàkì kúrò lójú igi. Fún ibi tí ọ̀rá ọwọ́ ti dì mọ́, bí orí apá àga, itọ́ ẹnu ni mo fi nù ún, òwú kékeré lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní mùsíọ́ọ̀mù náà máa ń lò ó, nítorí ohun tó ń lọ oúnjẹ lẹ́nu wa máa ń tú ìdọ̀tí ọlọ́ràá.

Àwọn ìyá wa kan máa ń fi epo pupa, àdín tàbí òrí ra igi kí ó lè dán. Kò dára fún àga. Òróró wọ̀nyí kì í gbẹ láéláé. Wọn yóò máa lẹ̀, eruku yóò dì mọ́ wọn, àga yóò sì máa rùn ní ìgbà òjò.

Oríkèé: ibi tí iṣẹ́ wà

Ẹ di ẹ̀yìn àga mú, ẹ mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ óò gbọ́ ibi tó ń ké, ẹ óò sì rí ibi tí igi ti ń jáde nínú ihò. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù láti ṣe àyẹ̀wò yìí, nítorí igi máa ń fún lásìkò náà, gbogbo oríkèé tó ti rẹ̀ yóò sì fi ara hàn. Nígbà òjò igi á wú, àga tí kò lágbára mọ́ á dúró gbọn-in bí ẹni tó gbádùn. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ fi ohun líle dí ibi tó là nínú ọyẹ́: bí òjò bá dé, igi yóò wú, kò ní í ráyè, yóò sì tún là sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo ti kọ́kọ́ gbé àga yìí fún káfíńtà kan tó súnmọ́ wa. Kò tíì tó wákàtí kan tó fi dá a padà. Ìṣó oní-ínṣì mẹ́ta ló kàn mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò mì mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù kan, ẹsẹ̀ náà là láti orí ìṣó dé ilẹ̀. Igi máa ń fún, ó máa ń wú; irin kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ oríkèé tí àwọn àgbà fi ahọ́n igi (orí igi tí wọ́n gbẹ́ kó lè wọ inú ihò) àti ihò ṣe. Gọ́ọ̀mù ló gbẹ níbẹ̀, gọ́ọ̀mù ni yóò sì tún un ṣe.

Oríkèé tó ti yẹ̀ nìkan ni kí ẹ tú. Èyí tó dúró gbọn-in, ẹ má dà á láàmú. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ya téèpù bébà lé igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ipò rẹ̀ sí i: iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, òkè, ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ óò rò pé ẹ kò ní gbàgbé. Ẹ kọ ọ́.

Ẹ wo bóyá èèkàn igi kékeré wà tó gba inú oríkèé kọjá. Bó bá wà, ẹ fi irin róbótó tí kò mú tì í jáde láti ẹ̀yìn. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọ́n ń sè láti ara awọ àti egungun ẹran máa ń rọ̀ nínú omi gbígbóná, nítorí náà ẹ fa omi gbígbóná tàbí fínígà lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú síríǹjì, kí ẹ fún un sí ẹnu ibi tó là. Ẹ dúró fún ìdajì wákàtí, ẹ tún un ṣe. Ẹ wá fi pátákó kékeré tí ẹ fi aṣọ wé gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì máa fi òòlù kan pátákó náà, kì í ṣe igi àga. Díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí kò bá jáde lónìí, ẹ fi fínígà sí i, ó di ọ̀la.

Nígbà tó bá ti tú, gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò, lórí ahọ́n igi àti nínú ihò. Gọ́ọ̀mù tuntun kì í mú lórí ti àtijọ́ tó ti gbẹ. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó tó fún un. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀bẹ, ẹyìn ọ̀bẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ má baà fá igi fúnra rẹ̀, torí gbogbo ohun tí ẹ bá fá kúrò ni oríkèé náà yóò fi tóbi sí i. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì.

Ẹ tò ó pọ̀ ní gbígbẹ ná, láìsí gọ́ọ̀mù. Ó yẹ kí ahọ́n wọ ihò pẹ̀lú ìtì ọwọ́ lásán, kó má sì yọ fúnra rẹ̀. Bó bá dẹ̀, ẹ bẹ káfíńtà kan kó fi ìfági fá èérún igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún yín láti ara igi kan náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, kó gbẹ, kí ẹ wá fi sáńpépà dín in kù títí yóò fi bá ihò mu. Gọ́ọ̀mù kì í dí àlàfo. Àwọn tó ń po ìyẹ̀ igi mọ́ gọ́ọ̀mù láti fi kún oríkèé tó dẹ̀ ń tan ara wọn ni. Yóò tún yẹ̀ kó tó pé ọdún.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ti tó. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù onígò méjì tó ń dì bí òkúta, ẹ má sì lo gọ́ọ̀mù tó ń mú lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bóyá lẹ́yìn yín, ẹlòmíràn yóò fẹ́ tú oríkèé yìí. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ sí ahọ́n àti inú ihò. Ẹ to ẹ̀gbẹ́ òsì pọ̀, ẹ to ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹ wá fi àwọn igi ìdábùú so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ní kíláǹpù, irin tí àwọn káfíńtà fi ń fún igi pọ̀, ó dára. Èmi kò ní. Tíúbù ọ̀kadà tó ti gbó ni mo là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi fún àga náà yípo bí ẹni di gèlè. Ó máa ń fa igi pọ̀ dáadáa, kì í sì í dá a lápá. Okùn náà ṣe é lò: ẹ dè é yípo lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ki igi kékeré sáàárín rẹ̀, kí ẹ máa lọ́ ọ títí yóò fi le, ẹ fi aṣọ sábẹ́ okùn ní gbogbo igun. Gọ́ọ̀mù tó bá yọ síta, ẹ fi aṣọ tútù nù ún kíá, nítorí ibi tó bá gbẹ sí kò ní í gba pólíìṣì mọ́.

Kí gọ́ọ̀mù tó mú, ohun méjì ló kù tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ẹ fi okùn wọn ìjókòó láti igun iwájú òsì dé igun ẹ̀yìn ọ̀tún, kí ẹ wá wọn igun méjì tó kù. Bí wọn kò bá dọ́gba, àga náà ti wọ́. Ẹ fà á títí wọn yóò fi dọ́gba. Ẹ wá gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan ilẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 láì fọwọ́ kàn án.

Ẹsẹ̀ tó ti jẹrà

Bí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan bá ti jẹrà, ẹ kò nílò láti pààrọ̀ gbogbo ẹsẹ̀ náà. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ìdábùú, kí ojú tí gọ́ọ̀mù yóò mú lè gùn, kí ẹ sì lẹ irú igi kan náà mọ́ ọn. Iṣẹ́ káfíńtà gidi ni, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Igi gbígbẹ ni kí ẹ wá. Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn lè ṣì tutù nínú, yóò sì fún kúrò lára ti àtijọ́ bó bá yá. Ara ilẹ̀kùn ilé kan tí wọ́n wó ni a ti gé ìrókò tí a fi ṣe tiwa, ó ti gbẹ kí wọ́n tó bí mi.

Ojú igi

Bí pólíìṣì àtijọ́ bá ṣì wà lójú rẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ẹ má bó o. Ìda oyin tó. Ẹ yọ́ ìda nínú agolo tí ẹ gbé sínú omi gbígbóná, ẹ pa iná pátápátá, kí ẹ tó wá da táápẹ́ǹtáìnì sí i: bí ìda bá jẹ́ ìwọ̀n kan, kí táápẹ́ǹtáìnì jẹ́ mẹ́ta. Bó bá dì, yóò rí bí òrí. Ẹ fi aṣọ fi í ra igi fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ wá fi aṣọ mìíràn nù ún títí yóò fi dán.

Bí ojú rẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀ níbi púpọ̀, tí ìdánwò sípíríìtì sì fi hàn pé ṣẹ́láàkì ni, ẹ rẹ 100 gíráàmù ṣẹ́láàkì gbígbẹ sínú ìdajì lítà sípíríìtì mọ́jú, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ fi sáńpépà 320 ra ojú igi fẹ́ẹ́rẹ́, kí eruku nìkan kúrò. Ẹ wé òwú sínú aṣọ funfun àlòkù tí kò ní ìrẹ́, ẹ ki í sínú pólíìṣì, ẹ fún un, kí ẹ sì máa fà á lọ gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ igi dé òpin láì dúró lórí ibì kan. Bẹ́ẹ̀ bá dúró, yóò lẹ̀. Láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ó ti gbẹ, ẹ lè tún òmíràn kùn. Mẹ́ta sí márùn-ún tó. Ẹ má kùn ún ní ọjọ́ òjò: ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ yóò mú kó funfun bí ìkùukùu. Nínú ọyẹ́ ó máa ń gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n eruku pọ̀, nítorí náà inú iyàrá tí ẹ ti fi omi wọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é.

Bí ẹ bá yàn láti lo epo linseed, irú òróró tó máa ń gbẹ lára igi, dípò rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún aṣọ tí ẹ fi kùn ún. Bí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta, kó gbẹ, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi.

Ìjókòó pankẹ́rẹ́

Èyí ló dùn mọ́ mi jù. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá yí férémù ìjókòó ká, ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún. Ẹ gé èyí tó ti bàjẹ́ kúrò lẹ́yìn tí ẹ ti yà á ní fọ́tò, ẹ yọ gbogbo èyí tó há sínú ihò. Ẹ ra fọ́nrán pankẹ́rẹ́ tí wọ́n ti bó pẹlẹbẹ. Àwọn tó ń hun àga pankẹ́rẹ́ lágbègbè Màrílàǹdì ní Èkó lè júwe ibi tí ẹ óò ti rí i. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bó bá gbẹ lọ́wọ́ yín, yóò ṣẹ́. Ẹ máa fi omi pa á. Ẹ̀gbẹ́ tó ń dán ló ń wo òkè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ihò àárín lẹ́yìn, ẹ fà á wá sí ihò àárín níwájú, ẹ gba abẹ́ bọ́ sí ihò tó tẹ̀lé e, kí ẹ padà sẹ́yìn, títí iwájú àti ẹ̀yìn yóò fi kún. Ẹ máa fi èèkàn igi kékeré dí ihò kí fọ́nrán má baà sá padà. Ìkejì, ẹ fà á láti òsì sí ọ̀tún, kó sùn lórí ti àkọ́kọ́. Ìkẹta, ẹ tún ti iwájú sí ẹ̀yìn ṣe nínú ihò kan náà, kó bọ́ sí ọ̀tún ti àkọ́kọ́ díẹ̀. Ìkẹrin ni híhun bẹ̀rẹ̀: láti òsì sí ọ̀tún, ẹ máa gbé e gorí ti ìkẹta, ẹ máa gbà á sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ tò wọ́n ní méjìméjì pẹ̀lú èèkàn. Ẹ óò rí i tí ihò mẹ́rin-igun yóò yọ jáde.

Ìkarùn-ún àti ìkẹfà ń gba igun sí igun. Ìkan yóò máa gorí àwọn méjìméjì tó lọ síwájú-sẹ́yìn, yóò sì máa gba abẹ́ àwọn tó lọ sí ẹ̀gbẹ́. Èkejì yóò yí i padà. Ẹ mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú nípa fífà á: bó bá ń yọ̀ lọ geere sínú igun àwọn ihò, ẹ ti ṣe é re. Bó bá ń há, tó ń gé ara, ẹ yí i padà. Mo tú ti ìkarùn-ún palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gba èyí gbọ́. Níkẹyìn, ẹ fi fọ́nrán tó fẹ̀ ju ìyókù bo ihò yípo, kí ẹ so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú tín-ín-rín. Bó bá ti gbẹ tán, yóò fa ara rẹ̀ le, bí ẹ bá fi ìka lù ú yóò dún bí awọ ìlù.

Bí kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ bá yí férémù náà ká dípò ihò, wọ́n ti hun pankẹ́rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi sí i ni. Èyí rọrùn: ẹ ra èyí tí wọ́n ti hun, ẹ rẹ ẹ́, ẹ fi pátákó kékeré tẹ etí rẹ̀ sínú kòtò pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, kí ẹ wá fi ọ̀pá pankẹ́rẹ́ dí kòtò náà.

Nígbà tó bá padà sí pálọ̀

Ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn fèrèsé kò ní í bá a tààrà, tí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù kò sì ní í máa fẹ́ sí i. Ẹ má fà á nílẹ̀, abẹ́ ìjókòó ni kí ẹ ti gbé e, kì í ṣe apá. Bí pankẹ́rẹ́ bá ń rọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu abẹ́ rẹ̀ lálẹ́, kó gbẹ mọ́jú, yóò tún fà. Ìda oyin lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti tó.

Kí ẹ tó dà á bọlẹ̀, ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí káfíńtà àkọ́kọ́ kọ tirẹ̀ sí. Lábẹ́ tiwa, mo kọ ọ́ báyìí: “Ìrókò. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì jẹ́ tuntun, igi ilẹ̀kùn. Oríkèé márùn-ún ni a tú, gọ́ọ̀mù funfun. Ṣẹ́láàkì. Pankẹ́rẹ́ tuntun. Àmì kọ́ọ̀bù tó wà ní apá ọ̀tún, ti Bàbá ni, ẹ má ha á.”